Bàbá Bọ́ọ̀lù Tó Rẹ Aṣọ Ìlú Méjì Sínú Omi Kan: Alàgbà Ọláyẹmí Ayọ̀rìndé, 1955–2025

Ní ìlú Ìjan-Èkìtì, nínú agboolé Ayọ̀rìndé, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1955, nígbà tí iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, ni wọ́n bí olóògbé Alàgbà Ọláyẹmí Ayọ̀rìndé, tí gbogbo Adó àti agbègbè rẹ̀ mọ̀ sí Bàbá Bọ́ọ̀lù. Bàbá tó bí wọn ni Pa Jákọ́bù Ayọ̀rìndé, àgbẹ̀ tí ebè rẹ̀ ga débi pé ọmọdé lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n wá a títí di ọjọ́rọ̀. Ìyá wọn ni Màmá Bọ́sẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ibi tí Bàbá ti rí ohùn tiwọn, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Wọ́n sọ fún wa pé igbe tí wọ́n ké lọ́jọ́ tí wọ́n dé ayé, wọ́n gbọ́ ọ ní Ìlúọmọba, tí àwọn kan níbẹ̀ sì ń béèrè pé ta ló ń pín ẹran láìpe àwọn. Àwa ẹbí kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá mọ̀ pé a kò fi bẹ́ẹ̀ purọ́.

Ní 1961, wọ́n wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjan. Ọpọlọ wọn pé, ẹsẹ̀ wọn ni kì í jẹ́ kí ọpọlọ náà jókòó. Bí tíṣà bá kọjú sí pátákó, Bàbá ti gba ojú fèrèsé lọ sídìí bọ́ọ̀lù àkísà. Wọ́n gbá ọ̀kan báyìí nígbà tí wọ́n ń gbin àgbàdo, ó gòkè lọ. Àwọn ẹgbẹ́ wọn búra pé wọ́n ti ń sun àgbàdo náà jẹ kí bọ́ọ̀lù tó padà sílẹ̀. Ní 1968, wọ́n dé ilé ìwé Mọ́dà ní Adó, wọn kò sì parí rẹ̀. Bí a bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní, "Èmi àti ìwé pínyà láìjà. A ṣì ń kíra wa."

Ní 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì. Bàtà ni ọ̀gá wọn ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó ya ni wọ́n ń rán bí ọ̀gá bá lọ jẹun. Nígbà tó fi di 1982, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Wọ́n ń ta bọ́ọ̀lù, bàtà bọ́ọ̀lù, jẹ́sì, àwọ̀n àti fèrè. Bí wọ́n bá lọ kó ọjà ní Èkó, kí wọ́n tó sọ gbólóhùn méjì ni àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ti ń kí wọn ní ọmọ Èkìtì, nítorí Bàbá kì í pe ilé ní ilé, ulé ni, kò sì sí ìlú tí wọ́n dé tí wọ́n torí rẹ̀ yí ẹnu padà. Kò sí bọ́ọ̀lù tó jáde nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn tí wọn kò kọ́kọ́ fún ní afẹ́fẹ́, tí wọn kò gbé sétí bí ẹni ń gbọ́ àṣírí, tí wọn kò sì fi orí kàn. Bí oníbàárà bá ń kánjú, wọ́n á ní, "Bọ́ọ̀lù tí mi ò tíì fi orí kàn, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ṣé kí n wá ta ẹni tí mi ò mọ̀ fún ọ ni?"

Bọ́ọ̀lù náà ló fún wọn ní aya. Màmá Monínúọlá, ọmọ àgbẹ̀ onírẹsì láti Igbemo-Èkìtì, jẹ́ tíṣà nígbà náà. Bọ́ọ̀lù ilé ìwé wọn bẹ́, wọ́n gbé e wá fún títún ṣe. Bàbá ní kí wọ́n padà wá lọ́la, pé òwú kò tíì gbẹ. Lọ́la, òwú kò gbẹ. Lọ́túnla, òwú kò gbẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn tó mú débi pé ètè ń ya ni wọ́n wà o! Màmá wo bọ́ọ̀lù, wọ́n wo Bàbá, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ tẹnu yín kí n rí bọ́ọ̀lù gbé lọ." Bàbá sọ ọ́. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1984.

Láti 1979 ni Bàbá ti wà nínú ìjọ Àládùúrà ní Ìjan, wọ́n sì di Alàgbà ní 1998. Ẹ̀yin tí ẹ bá wọn jọ́sìn mọ̀ pé ẹni tó ń ta bàtà fún gbogbo Èkìtì, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n máa ń rìn nínú sùtánà wọn, láti ẹnu ọ̀nà ilé dé iwájú pẹpẹ. Wọn kì í fi àdúrà ṣeré rárá, bí wọ́n tiẹ̀ ń fi gbogbo nǹkan yòókù ṣeré.

Ohun tí Ọlọ́run fún wọn nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, wọn kò dá a jẹ. Ọmọ ilé ìwé tó bá gbé bọ́ọ̀lù tó ya wá ní ọjọ́ Sátidé, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń rán an. Ìda abẹ́là tó bá kù ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń pa òwú náà kí omi má bàa wọlé. Àwọn ló ṣán pápá Ìjan, tí wọ́n sì ta àwọ̀n sí òpó gólì rẹ̀. Ewúrẹ́ jẹ àwọ̀n náà. Wọ́n ta òmíràn, ewúrẹ́ tún jẹ ẹ́. Wọ́n ta ẹ̀kẹta, wọ́n wá fi ata pa á láti òkè délẹ̀. Ewúrẹ́ sá lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdíje, aṣọ́lé Ìjan bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ó ń sín, bọ́ọ̀lù ń kọjá. Kò tíì ríran dáadáa nígbà tí wọ́n fọn fèrè ìparí.

Àṣà wọn kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Jẹ́sì tí Bàbá bá fẹ́ fi tọrẹ, wọn kì í fún ènìyàn ní gbígbẹ. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi àdúrà mọ́jú, wọ́n á sì da iyọ̀ sí i. Iyọ̀ wà fún àwọ̀, kó má bàa ṣí. Àdúrà wà fún ìbínú, kó lè ṣí kúrò lára ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Bàsíà ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń lò fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Láti 1990 ni Bàbá ti dá ìdíje Ọjọ́ Ajé Àjíǹde sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ Ìjan, ìlú wọn, àti ti Igbemo, ìlú aya wọn. Ní 2008, awuyewuye bẹ̀rẹ̀ lórí bóyá bọ́ọ̀lù kan wọlé tàbí kò wọlé. Tọ̀tún tòsì ló sọ̀kò. Tolúlọpẹ́, àbúrò Màmá, ni ọ̀kan ṣẹ́ egungun èjìká rẹ̀. Nígbà tí Bàbá lọ bẹ àwọn àna wọn ní Igbemo, ìyá ìyàwó wọn kò jẹ́ kí wọ́n kọjá ojúde. Ó ní, "Ọláyẹmí, ọmọ mi ni ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní í tẹ ilé rẹ mọ́ títí àwọn ọmọ yìí á fi gbá bọ́ọ̀lù tán lórí pápá rẹ láìsí pé ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan kán sílẹ̀." Àwọn àgbààgbà ìlú méjèèjì sì dá ìdíje náà dúró.

Màmá kò bá Bàbá jà. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ọdún tí ìrẹsì bá jinná, wọ́n á bu ti ìyá wọn sínú abọ́ kan, wọ́n á dé e, wọ́n á gbé e sórí tábìlì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ọmọ á pín in jẹ. Ọdún méjì ni abọ́ yẹn fi ń jókòó bẹ́ẹ̀. Bàbá á wò ó, ohùn tó ń dé Ìlúọmọba kò ní jáde lẹ́nu wọn.

Ní 2010, wọ́n bẹ àwọn àgbààgbà títí wọ́n fi gbà, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé bí ìjà bá tún ṣẹlẹ̀, ìdíje náà kú nìyẹn. Bàbá kó jẹ́sì tuntun wá, pupa fún Ìjan, funfun fún Igbemo. Nígbà tó di àtirẹ ẹ́, wọ́n ti bàsíà sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n yí dúrọ́ọ̀mù ńlá ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n ní bí àwọn ọmọ yìí bá máa gbé ní àlàáfíà, omi kan náà ni kí aṣọ wọn mu.

Màmá pariwo. "Bàbá Ayọ̀mídé! Pupa àti funfun? Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ!"

"Iyọ̀ á dì í mú."

"Iyọ̀ wo? Ẹ dà á sí i kó pọ̀, kó sì ṣe é jẹ!"

"Monínúọlá, àdúrà là ń gbà, a ò fọṣọ."

"Aró ò mọ àdúrà o! Mo ti sọ tèmi."

Bàbá gbàdúrà sí i, wọ́n dé e, wọ́n fi okùn dì í, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i àfi lójú gbogbo ìlú.

Ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, pápá Ìjan kún débi pé bí ènìyàn bá fẹ́ họ imú, yóò kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ìyá ìyàwó Bàbá wá. Ó gbé àpótí rẹ̀ sí apá ibi tí àwọn ará Igbemo wà, kò sì wo ibi tí Bàbá dúró. Wọ́n tú okùn. Adérẹ̀mí, olórí ikọ̀ Ìjan, àti olórí ikọ̀ Igbemo jọ ti ọwọ́ bọ inú dúrọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti ní kí wọ́n ṣe. Ohun tí wọ́n fà jáde jẹ́ píǹkì. Wọ́n fa òmíràn, píǹkì. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ sórí koríko, píǹkì ni látòkè délẹ̀, bí èrìgì ọmọ tuntun.

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan kígbe láti apá Igbemo pé, "Wọ́n ti ba aṣọ wa jẹ́! Wọ́n fẹ́ sọ wá di ará Ìjan!" Apá Ìjan dáhùn pé, "Ta ló ba tiwa jẹ́? Àbí ọmọ Ìjan wo ló máa wọ aṣọ ìkókó yìí?" Àwọn kan ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kì í sì í ṣe okùn bàtà ni wọ́n fẹ́ so.

Bàbá rìn lọ sáàárín pápá nínú sùtánà, ẹsẹ̀ lásán. Ohùn tí wọ́n fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà kò ga rárá. Wọ́n ní, "Ẹ̀bi mi ni. Aya mi kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Ẹni tó bá mọ èwo ni ti Ìjan, èwo ni ti Igbemo, kó jọ̀ọ́ kó wá bá mi ṣà á."

Kò sí ẹni tó lè ṣà á. Wọ́n wo aṣọ, aṣọ ń wò wọ́n. Ibẹ̀ ni Màmá ti bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n di òpó gólì mú, òpó náà sì ń gbọ̀n pẹ̀lú wọn. "Aró ò mọ àdúrà! Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀?"

Tolúlọpẹ́ jáde wá láti apá Igbemo. Èjìká rẹ̀ ti jinná, ṣùgbọ́n ó ṣì wọ́ díẹ̀. Ó mú jẹ́sì kan, ó fún omi ara rẹ̀ dànù, ó wọ̀ ọ́, ó lọ dúró sáàárín àwọn ọmọ Ìjan. Ó ní, "Èmi ni mo ni egungun tó ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n yan ibi tí mo máa dúró sí." Adérẹ̀mí wò ó títí. Ó bọ́ aṣọ ara rẹ̀, ó sọdá sápá Igbemo ní ìhòòhò àyà. Ẹnì kan tẹ̀ lé e, ẹnì kan tún sọdá wá. Kí ó tó pẹ́, ìdajì Ìjan àti ìdajì Igbemo wà nínú píǹkì, àwọn yòókù sì fi àyà gba afẹ́fẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe gbá a. Títí di òní, kò sí ẹni tó mọ ìlú tó borí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tíì jáwọ́ nínú àríyànjiyàn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò kán.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù parí, ìyá ìyàwó Bàbá gbé àpótí rẹ̀ sórí, ó tẹ̀ lé Màmá dé ilé. Kò dúró kí wọ́n fi oúnjẹ lọ̀ ọ́. Ó ṣí abọ́ tó wà lórí tábìlì, ó jókòó, ó jẹ ìrẹsì náà tán. Bàbá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní èéfín ló kó sáwọn lójú. Kò sẹ́ni tó dáná.

Láti ọdún náà, báyìí ni wọ́n ń gbá a ní gbogbo Ọjọ́ Ajé Àjíǹde: ìlú méjì tó pò mọ́ra, píǹkì lòdì sí àyà lásán.

Alàgbà Ọláyẹmí Ayọ̀rìndé sùn nínú Olúwa ní ilé wọn ní Ìjan ní ọjọ́ Kẹtàdínlógún oṣù Kejì ọdún 2025, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Wọ́n fi aya wọn sáyé lọ, Màmá Monínúọlá Ayọ̀rìndé. Àwọn ọmọ wọn, Ayọ̀mídé, Jùmọ̀kẹ́ àti Olúwabùsáyọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ, Dùnmínínú, Oore-ọ̀fẹ́ àti Ìfẹ́olúwa. Àbúrò ìyàwó wọn, Tolúlọpẹ́. Àti gbogbo ọmọ tó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wọn, tí a kò lè kà tán.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Màmá sọ lẹ́yìn tí wọ́n sunkún díẹ̀ ni pé, "Ta ló wá máa rẹ aṣọ fún wọn báyìí? Ṣé wọn ò ní padà sí ìjà?" Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ Ìjan gbé iyọ̀ wá sílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ń wọlé, àwọn ti Igbemo náà ń gbé tiwọn bọ̀. Wọ́n yí dúrọ́ọ̀mù síta, wọ́n da méjèèjì sí i. Omi náà níyọ̀ débi pé ó lè se ọbẹ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀ Èkìtì. Màmá gbàdúrà sí i, wọ́n kó àwọn jẹ́sì píǹkì náà sínú rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn dé e.

Aṣọ náà ló wà lọ́rùn àwọn tó gbé Bàbá lé èjìká lónìí. Ẹ má bi wọ́n léèrè èwo ni ọmọ Ìjan, èwo ni ọmọ Igbemo.

Bàbá Bọ́ọ̀lù, ẹ ti bọ́ bàtà, ẹ ti dé iwájú pẹpẹ. Ilẹ̀ Ìjan á rọ̀ yín lára, ọ̀nà Igbemo kò ní dí mọ́ àwọn ọmọ yín. Ẹ sùn ire nínú ulé Olúwa.