Ṣé Àwòrán Ni, Àbí Ìwé Ilẹ̀ Oko Mi?

Ilé Ṣàràfá,
Ọ̀fàdà.
Oṣù Kejì, ọdún 2006.

Sọ̀fíyátù ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ o. Mo kí ọ, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ránṣọ ní Ṣómólú, mo sì kí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ náà, nítorí òun ló ń bọ́ ọ. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ṣì ọ́ gún. Oníbàárà tó máa sanwó láì jà ni yóò máa wá ọ wá, àwọn tó máa jẹun yó tán kí wọ́n tó wọ aṣọ wò, tí wọ́n á wá ní aṣọ ti fún àwọn jù, wọn ò ní mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ. Àmín. Tó o bá ń bèèrè wa, ara wa le. Orúnkún ìyá rẹ Fàósátù ti sàn, ó ti padà sídìí ìrẹsì bíbọ̀. Ewúrẹ́ funfun yẹn bí méjì, akọ ni méjèèjì. Ilé tuntun ń hù láti Mowe títí dé ọ̀dọ̀ wa níbí bí olú, ibi tí o ti máa ń ṣa ìgbín lọ́jọ́sí ti di géètì.

Wà á bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù Ògúnkànmí, ayálégbé wa ará Ìkirè tó ń kunlé. Fóònù yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, Ògúnkànmí á dúró tì mí, á máa wojú fóònù bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò tó fẹ́ hó dànù, á ní Bàbá, ó ń jẹ owó o. Ohun tó ń jẹ owó tí mi ò rí ẹnu rẹ̀, mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi sí i létí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń dá wa lóhùn lọ́jọ́ tí a bá wá ọ tì. Mo kí i dáadáa, kò jẹ́ mi. Ẹni tí kì í dáhùn ìkíni, tó sì jókòó síbẹ̀ tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ, ìwọ náà mọ irú èèyàn tó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ Mùtàlíbù ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ọkùnrin tí o ní o fẹ́ fẹ́. Orí fóònù yẹn gan-an ni wàhálà ti wá. Lọ́jọ́ tí o pè pé ó ń bọ̀ wá kí wa, Ògúnkànmí ló gbọ́ ọ, òun ló jíṣẹ́ fún wa, ó ní iṣẹ́ pẹ́ńtà ni ọkùnrin náà ń ṣe. Inú mi dùn, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Inú Ògúnkànmí náà dùn, ó ní ẹlẹgbẹ́ òun ń bọ̀. Mo wo iwájú ilé wa tí òjò ti ta ẹrẹ̀ sí lára, mo lọ ra ọ̀dà garawa kan, mo gbé e kalẹ̀ dè é.

Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò fi ìka kan ilẹ̀ lásán bí àwọn ọmọ Èkó. Ìyẹn dára. Ó gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan dání tí ó fi bébà wé. Lẹ́yìn tí ó mu omi tán, mo mú un jáde, mo fi ògiri hàn án, mo gbé ọ̀dà lé e lọ́wọ́. Ó wo ọ̀dà, ó wò mí. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Sọ̀fíyátù, ọkùnrin yẹn ò mọ ògiri kùn! Ọ̀dà ń ṣàn wálẹ̀ bí omijé ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Á kùn díẹ̀, á sún sẹ́yìn, á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa wo ògiri bí ẹni pé ògiri fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí Ògúnkànmí ò lè mú un mọ́ra mọ́, ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní Bàbá, ẹni yìí kì í ṣe pẹ́ńtà o, ẹ wádìí ohun tó jẹ́. Ibẹ̀ ni ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí.

Ìgbà tí a wọlé ló tó ṣàlàyé pé àwòrán ni òun ń yà. Mo ní kò burú, èmi náà fẹ́ràn àwòrán. Èyí tí mo fẹ́ràn jù láyé mi ni kìnnìún kan tí wọ́n yà sẹ́yìn ọkọ̀ tó máa ń kó gàrí wá sí ọjà Ifọ̀. O lè ka eyín rẹ̀, irun ọrùn rẹ̀ rí bí iná, ewúrẹ́ kì í sún mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń kó ìrẹsì lọ sí Ifọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ lọ wò ó kí n tó tajà. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi pé kìnnìún ni. Mo sọ èyí fún Mùtàlíbù. Ó ní àwọn tó ń ya ẹ̀yìn ọkọ̀ mọṣẹ́ gan-an ni, ó wá tú bébà rẹ̀.

Ọmọ mi, mi ò rí kìnnìún. Mi ò rí èèyàn, mi ò rí ilé. Ohun tó kún ojú rẹ̀ ni àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè, ó tẹ́ lọ rẹrẹ. Ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí i ká, ó ń ṣẹ́ níhìn-ín, ó ń ṣẹ́ lọ́hùn-ún. Nǹkan funfun tóótòòtó wà káàkiri. Ní igun ìsàlẹ̀ ó kọ M, ó kọ 05 tẹ̀ lé e. Mo ní kí ni a ń pe eléyìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ fún mi. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Èmi tí mo ń ta ìrẹsì, ṣé mo lè pàtẹ ọjà, kí n wá ní kí oníbàárà sọ fún mi bóyá ìrẹsì ni àbí yangan? Ó ní nínú gbogbo èyí tí òun ti yà, òun ni òun fẹ́ràn jù, pé olówó kan fẹ́ rà á níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ àwòrán ní Èkó, òun ò tà á, pé ti èmi àti ìyá rẹ ni. Ẹni tó kọ̀ láti ta ohun tó fẹ́ràn jù fún olówó, tó wá gbé e fún àgbẹ̀ ní Ọ̀fàdà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló ń wá?

Kó tó lọ, ó ní òun fẹ́ rí oko wa létí odò. A ti kórè ìrẹsì, kò sí nǹkan kan tí èèyàn á wò níbẹ̀, àmọ́ ó dúró, ó wò ó títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀ sínú ọ̀rá, ó dì í pọ̀. Mo ní kí lo fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ pò ó mọ́ ọ̀dà. Ògúnkànmí ní láti ìgbà tí òun ti ń kunlé, ṣe ni àwọn máa ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lára ọ̀dà, òun ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n bù ú sí i.

Mo gbé àwòrán náà kọ́ sí pálọ̀, mo sì dojú rẹ̀ kọ ògiri. Ìyá Jésùtófúnmi, aládùúgbò wa tó kó wá láti Èkó, wá yí i padà, ó pariwo Jésù, ó ní ejò pupa ni, ó ká oko mọ́, ó sì fẹ́ da òróró sí i. Ìyá rẹ ní kò ní da epo sára ẹrù àlejò. Ògúnkànmí wò ó ní tirẹ̀, ó ní ọ̀dà náà ò dọ́gba, ó nípọn níbì kan, ó fẹ́lẹ́ níbì kan, ká ní ilé ẹnìkan ni, onílé ò ní sanwó. Ó tún ní irú àwòrán báyìí kì í ṣe ti irú wa. Ó ní àwọn tó kàwé ló ń yé, pé òun kunlé fún irú wọn rí, wọ́n máa ń dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kì í jókòó. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Ojú méjì ni Ọlọ́run fún àwọn náà. Mo bá jókòó síwájú rẹ̀, mo ní a ó jọ rí i.

Mo wò ó láàárọ̀, mo wò ó nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó là sí mi lójú gbàà. Ìwé ilẹ̀ ni! Ṣé o rántí Adépọ̀jù tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà? Lọ́dún tó kọjá àwọn kan wá, wọ́n ń na okùn, wọ́n ń ri òkúta funfun mọ́ igun ilẹ̀, wọ́n gbé bébà kan jáde, ìlà pupa ló yí ilẹ̀ náà ká lórí rẹ̀, nọ́ńbà wà nígun ìsàlẹ̀. Lónìí Adépọ̀jù ní láti sọ orúkọ rẹ̀ fún ọlọ́dẹ ẹnu géètì kó tó lè dé ibi sàréè bàbá rẹ̀. Mo wo ìlà pupa, mo wo àwọn òkúta funfun, mo wo M àti 05, mo rántí erùpẹ̀ inú ọ̀rá. Mo sọ fún ìyá rẹ pé kì í ṣe ọmọ wa ni ọkùnrin yìí ń fẹ́, ilẹ̀ wa ló ń fẹ́, Sọ̀fíyátù ni afárá tó fẹ́ gùn kọjá. Ìyá rẹ ní kí n fara balẹ̀. Mo ní ẹni tó bá fara balẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ilé yí ká.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo fi ìró ìyá rẹ di àwòrán náà, mo mú àdá, èmi àti ìyá rẹ gba oko lọ, nítorí mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ri òkúta sí kí n hú wọn. Mo dúró lórí ààlà, mo gbé àwòrán náà sókè. Kò bá a mu. Mo yí i, mo dorí rẹ̀ kodò, mo tẹ̀ síwájú lọ sétí odò, mo padà wá sídìí igi àgbálùmọ̀. Mo ṣán koríko títí, mi ò rí òkúta kankan. Gbogbo ìgbà yẹn ìyá rẹ jókòó sórí òkìtì tó wà lókè oko, ó ń na orúnkún rẹ̀. Ó wá pè mí, ó ní Bàbá Sọ̀fíyátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé nǹkan yẹn dúró jẹ́ẹ́.

Mo gbé e dúró. Ó wò ó, ó wo oko nísàlẹ̀. Ó ní okùn ẹyẹ ni.

Mo ní okùn ẹyẹ wo. Ó ní ṣé mo ti gbàgbé okùn tí a máa ń ta yí oko ká láti fi lé ẹyẹ, kó tó di pé a ń lo téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì, tí òun ya ìró pupa òun sí wẹ́wẹ́ so mọ́ ọn, tí ìwọ á máa fà á láti àárọ̀ títí ẹyẹ á fi lọ sùn. Ó ní àwọn funfun yẹn kì í ṣe òkúta, lékèélékèé ni. Ó ní gbogbo ẹyẹ lo máa ń lé, o kì í lé lékèélékèé, èmi á máa pariwo láti ìsàlẹ̀ pé kí lo ń wò, ìwọ á ní àwọn yẹn kì í jalè.

Ó rí bẹ́ẹ̀. O máa ń sọ ọ́.

Mo wá ọ nínú àwòrán náà, mi ò rí ọ. Mo ní ọmọ tó ń fa okùn dà? Ìyá rẹ ní kò lè sí níbẹ̀, ojú ọmọ náà ni a fi ń wo oko. Ó fà mí lọ́wọ́, ó ní kí n wá jókòó sórí òkìtì níbi tí o máa ń jókòó sí. Mo jókòó, mo gbé e lé itan. Sọ̀fíyátù, oko wa fẹ̀ o. Láti ìgbà tí mo ti ń ro ó, mi ò mọ̀ pé ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí èmi máa ń dúró sí, kò fẹ̀ rárá.

Má rò pé ara ò fu mí mọ́. Ọkùnrin yẹn ò dé oko wa rí kó tó ya nǹkan yìí, ìyẹn ni pé ìwọ lo sọ fún un. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, o ò sọ fún wa bó ṣe rí lórí òkìtì yẹn, òun lo sọ ọ́ fún, òun náà sì gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè yà á. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibẹ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin, kí ni bàbá tún ń wádìí? Kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mú àgbà tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ dání, tí yóò sọ ohun tí wọ́n bá wá kó yé wa. Àwòrán náà ti wà lára ògiri báyìí, ojú rẹ̀ kọ sí wa. Ògúnkànmí ní ọ̀dà rẹ̀ ò tíì dọ́gba síbẹ̀.

Mo fẹ́ kí o fi nǹkan díẹ̀ rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá, owó ọkọ̀ èmi àti ìyá rẹ wá sí Èkó nígbà tí wọ́n bá tún pàtẹ àwòrán. Má fi í sí báńkì o. Ìgbà tí mo lọ gba ti ìjọsí ní Mowe, wọ́n ní ìfọwọ́sí mi ò jọ ti àtẹ̀yìnwá. Mo ní èmi náà ò jọ ti àtẹ̀yìnwá, mo ti dàgbà sí i. Wọ́n ní kí n lọ tún un kọ. Ohun tí mo fẹ́ wá ṣe ni pé mo fẹ́ rí àwọn tó ń dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́ yẹn, mo fẹ́ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ni wọ́n rí. Bí ẹnì kan nínú wọn bá lè sọ ohun tí ìyá rẹ sọ láì tíì jókòó sórí òkìtì, màá gbà pé ìwé tí wọ́n kà ṣiṣẹ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ ní títì, á ṣọ́ ọ nílé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á gbè ọ́. Ilé tí o bá wọ̀, inú rẹ̀ á gbà ọ́. Ọlọ́run kò ní fi ọ́ fún ẹni tí yóò máa wò ọ́ lójoojúmọ́ tí kò ní rí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ṣàràfá.