Òróró Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ àti Aláàmù Ilẹ̀kùn Títí

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi, ẹ kú àìsùn nítorí wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Bajulaiye níbí. Mo kí Bàbá, kí Ọlọ́run fi agbára kún orúnkún wọn. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń tọ́jú yín, mo sì kí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara wa le. Òjò nìkan ló ń bá wa fínra, ọ̀rá la fi ń bo ìwé ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa kó má baà tutù.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lórí fóònù, ẹ bi mí bóyá òróró tí ẹ gbàdúrà sí, tí ẹ fi rán awakọ̀ sí mi, ṣì kù. Mo ní ó kù, mo sì yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn. Ìyá, ẹnu ló kọ̀ fún mi. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni ìyá tó ń ṣe irú ẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé Títí, ọmọ-ọmọ yín, ti kúrò nílé mi. Ó gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Fola Agoro, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ṣùgbọ́n bí mo bá pè é tí kò gbé fóònù, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi. Àfi bí olè ṣe wọ ilé tó kọjú sí tiẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbé sílíńdà gáàsì, wọ́n tún gbé ìkòkò ọbẹ̀ orí ẹ̀ lọ. Mo ní kí Títí kó ẹrù ẹ̀ padà wálé kíá. Ó ní òun ò lọ síbì kankan, òun á ra aláàmù. Mo ní ta ni yóò bá a dè é. Ó ní òun fúnra òun ni, wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sínú páálí. A wá fẹnu kò: bí aláàmù bá ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù mẹ́ta, n kò ní sọ̀rọ̀ kíkó wálé mọ́ láé. Bí kò bá ṣiṣẹ́, yóò padà sọ́dọ̀ mi.

Ọjọ́ Sátidé la dè é. Èmi ni mo di àga mú. Àpótí funfun kan wà tí fèrè wà nínú ẹ̀, ìyẹn jókòó sí pálọ̀. Nǹkan kékeré méjì tún wà, kò ju ìka ọwọ́ lọ: a lẹ ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn, a lẹ èkejì mọ́ òpó ilẹ̀kùn, téèpù wà lẹ́yìn wọn. Bí méjèèjì bá ti pínyà, fèrè á ké, fóònù á sì gba ìròyìn. Títí fi fóònù tèmi náà sí i, kí n lè máa rí i bó bá ti tilẹ̀kùn. Nígbà tó dán an wò, igbe tó ké, mo fi àga sílẹ̀! Díẹ̀ ló kù kí ọmọ mi já bọ́.

Ó lọ ra omi. Kó tó dé, mo mú òróró yín jáde nínú báàgì, mo fi ra òpó ilẹ̀kùn látòkè délẹ̀, bí ẹ ti máa ń ṣe ní gbogbo ilé tí a bá kó sí. N kò sọ fún un. Gbogbo Sátidé tí mo bá sì lọ kí i ni mo tún ń ra á.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí fèrè ké lọ́sàn-án. Bàbá Kàmọ́rù, aládùúgbò ẹ̀, sáré jáde tọmọ odó tọmọ odó. Kò sẹ́nì kankan. Nǹkan kékeré ti òpó ló já bọ́ sílẹ̀. Títí tẹ̀ ẹ́ padà, ó tún já. Ó pààrọ̀ bátìrì. Ó ní bóyá iná tí wọ́n ń mú lọ ló ń dà á láàmú, ó ra bátìrì ńlá tó ń gbé àpótí náà dúró bí iná bá lọ. Ó ṣe áàpù inú fóònù di tuntun. Ó ra téèpù mìíràn. Ó tún já! Bàbá Kàmọ́rù sọ ọ́ ní àkùkọ Títí, ó ń bèèrè ọjọ́ tí a máa sè é. Nígbà tó yá, bó bá ké, kò sẹ́ni tó ń yọjú mọ́.

Ìyẹn ló ba Títí nínú jẹ́. Ó ní bí olè bá dé lóòótọ́ báyìí, àkùkọ ni wọ́n máa pè é. Ó ní òun á kó wálé. Ìyá, ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, àmọ́ nígbà tí mo rí ojú ẹ̀, inú mi ò dùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà níbi iṣẹ́, mò ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn ìwé. Èèpo ìwé tí obìnrin ẹgbẹ́ mi lẹ̀ ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wo ọwọ́ ẹ̀, àkàrà ló ń jẹ. Mo bínú, mo ní ṣé kò mọ̀ pé gọ́ọ̀mù kì í mú ibi tí òróró bá wà ni. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu mi tí mo fi rántí òróró tí mo ń fi ra òpó ilẹ̀kùn Títí.

Mo lè lọ nù ún kúrò kí n má sọ nǹkan kan. Ó wá sí mi lọ́kàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rìn nínú òjò lọ bá a, mo sì jẹ́wọ́. Títí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó. Mo ní gbogbo Sátidé. Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ó ní ṣé bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí tó nítorí òun nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

A fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ òpó náà, a nù ún gbẹ, ó fi sípírítì nù ún lé e, a wá lẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò já mọ́. Títí lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ó bẹ àwọn aládùúgbò ẹ̀. Bàbá Kàmọ́rù ní kó jẹ́ kó ké lẹ́ẹ̀kan kí àwọn gbọ́. Ó ké, gbogbo ilé jáde. Ó ní ó dáa, àkùkọ ti wá mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́.

Láti ọjọ́ tí a fọ òpó náà, oṣù mẹ́ta pé lọ́sẹ̀ tó kọjá. N kò sọ̀rọ̀ kíkó wálé. Mo ti kó aṣọ mi sí yàrá tó fi sílẹ̀ nílé mi. Ní ìrọ̀lẹ́, ìròyìn á wọ fóònù mi pé ilẹ̀kùn Títí ti wà ní títì. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń pè é lójú ẹsẹ̀ láti bèèrè bóyá òótọ́ ni. Ní báyìí, mo kà á, mo ṣe àmín, mo jẹun.

Ẹ má bínú sí mi, Ìyá. Títí kò lé òróró yín jáde. Ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sí òkè ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún, ó ní òkè ìlà ni ti Màmá Àgbà, ìsàlẹ̀ ni ti aláàmù, kí n má ṣe kọjá ààlà. Bí èyí bá tán, ẹ tún fi òmíràn ránṣẹ́. Ìgò kékeré ti tó, ibi tí wọ́n fún wa kò fẹ̀.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ Títí. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kí gbogbo ará ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìyá Títí.