Fara Kàn Án, Má Gé E

Elorm, ọmọ mi àtàtà,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ níbi iṣẹ́, jọ̀wọ́ má kà á níbẹ̀, mú un délé, torí ẹ̀rín á pa ọ́ níbì kan, n kò sì fẹ́ kí ọ̀gá rẹ rò pé orí rẹ ti yí. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ooru Accra ń kọ́? Àwa náà ń bẹ, ọpẹ́ ni fún Mawu, Ọlọ́run wa. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, Dotse tí òfì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní kí n kí ọ, ewúrẹ́ dúdú náà ti bímọ méjì, òun náà ì bá kí ọ. Ibi tí o bá ń rìn sí, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ. Ẹni tí kò fẹ́ kí o jẹun kò ní rí ibi tí o gbé àwo rẹ sí.

Kí n tó gbàgbé, ara àbúrò rẹ Sefakor ti yá. Mo mọ̀ pé o kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣàìsàn. Fara balẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ sí i dé. Kí n má purọ́, inú mi kò kọ́kọ́ dùn sí i. O rántí pé olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò àgbà ti bá ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí Kumasi, Ọ̀gbẹ́ni Akpaloo tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé sì ti sọ pé òun kò ní kọ orúkọ Sefakor sílẹ̀ fún ìdánwò ìṣirò náà, torí kò sí ẹni tí yóò kọ́ ọ. Bí kò bá sì ṣe ìṣirò àgbà, ọ̀rọ̀ afárá ńláńlá tó ní òun fẹ́ máa kọ́ sórí odò ti parí nìyẹn. Ọmọ náà kò jẹ òkèlè akple fún ọjọ́ méjì. Mo wá ń retí kí o bá wa wá olùkọ́, ìwọ fi fóònù ránṣẹ́. Mo bi ìyá rẹ bóyá o ti bẹ̀rẹ̀ sí í mutí.

Àfi ìgbà tí Sefakor ṣàlàyé fún mi pé inú fóònù náà ni olùkọ́ wà. Ó gbé e lọ han Ọ̀gbẹ́ni Akpaloo. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ àwọn ọmọ ìwòyí, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n máa fi kẹ́kọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n á máa fi wo ijó. Ó ní bó bá lè kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ fún ogójì ọjọ́ gbáko nínú ọlidé láìfo ọjọ́ kan, òun á kọ orúkọ rẹ̀. Fóònù náà fúnra rẹ̀ ló ń ka ọjọ́. Nọ́ńbà kan wà lókè, o ṣiṣẹ́ lónìí, ó di kan, o ṣiṣẹ́ lọ́la, ó di méjì, o fo ọjọ́ kan péré, ó padà sí òfo. Èyí yé mi kíákíá. Aṣọ ni. Bí òwú bá já láàárín aṣọ, kò sẹ́ni tí yóò rà á lọ́jà Agbozume.

Báyìí ni olùkọ́ náà ṣe di ará ilé. Mo máa ń kí i láràárọ̀ kí n tó lọ sídìí òfì. Kò dáhùn rí, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Sùúrù rẹ̀ pọ̀. Sefakor á ṣì í, olùkọ́ á ní kó tún un ṣe, á tún ṣì í, á ní kó tún un ṣe, kò na ọmọ, kò bú ìyá ọmọ. Ìlà kan wà tí a máa ń fi ìka tì síwá sẹ́yìn, bí o bá ṣe ń tì í ni àwòrán inú rẹ̀ á máa tẹ̀, á máa nà, bí ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Bí ó bá gbà á, olùkọ́ á da bébà wẹ́wẹ́ aláràbarà sílẹ̀. Ìyá rẹ ní ta ni yóò gbá a. Ẹ̀ẹ̀mejì ló mú ìgbálẹ̀ kó tó gbà pé bébà náà kì í bọ́ síta. Lọ́jọ́ ìsinmi kan ó gbé akple àti ẹja síwájú fóònù, ó ní ẹni tó ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ febi sùn nílé òun. Dotse ló jẹ ẹ́.

Ọjọ́ kẹtàdínlógójì ni ibà kọ lu Sefakor. Ìyá rẹ gbé e lọ sí ọsibítù lórí ọ̀kadà. Ọmọ náà kò bèèrè omi, kò bèèrè mi, fóònù ló ń bèèrè, ó ń sọ pé mẹ́tàdínlógójì, mẹ́tàdínlógójì. Ìyá rẹ ní aláìsàn kì í gbé olùkọ́ dání. Mo padà sídìí òfì, ọwọ́ mi kò gbà á. Elorm, ẹ̀rù bà mí. Ọmọ wà lórí ibùsùn, ọjọ́ kan ṣoṣo sì fẹ́ ba mẹ́rìndínlógójì jẹ́. O mọ̀ pé níhìn-ín, bí ahunṣọ bá dùbúlẹ̀ àìsàn tí aṣọ oníbàárà wà lórí òfì rẹ̀, ará ilé rẹ̀ á jókòó síbẹ̀, á bá a hun ún. Bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá Dotse. Mo fọ ọwọ́, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo jókòó síwájú olùkọ́.

Kò fẹ́ jẹ́ kí n wọlé. Ó ní kí n kọ́kọ́ jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, ṣùgbọ́n mo rò ó pé bóyá ó ti ń gbọ́ bí òfì mi ṣe ń dún láti àárọ̀ dalẹ́. Mo pe Dotse wá ṣe ẹlẹ́rìí, mo ṣí fìlà, mo búra. Ó tún kó àwòrán mẹ́sàn-án jáde, ó ní kí n mú èyí tó ní iná tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì. Mo sọ fún un pé a kò ní irú rẹ̀ níhìn-ín, kó bi ọmọ mi ní Accra. Dotse tó ti dé Lomé ló bá mi tọ́ka sí wọn.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà nìyí. Wọ́n ya ìlà kan tó tẹ̀ bí etí igbá, wọ́n fi ìlà gbọọrọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fi ìwé kẹfà tí mo kà tú Gẹ̀ẹ́sì tó wà lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: kí n ti ìlà gbọọrọ náà títí yóò fi fara kan èyí tó tẹ̀ níbì kan, kó má gé e kọjá. Mo fi àtàǹpàkò tì í, fóònù kò mọ̀ pé ènìyàn fọwọ́ kàn án, òwú ti sọ ìka yẹn di igi. Mo lo ìka tó kéré jù. Ó gé e. Olùkọ́ ní kí n tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ṣì í. Dotse ní ká pa fóònù ká tún un tàn, mo bi í bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe olùkọ́ ní ilé bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà náà ni mo wá rò ó pé, kí ló tilẹ̀ ń dẹ́rù bà mí, ṣebí iṣẹ́ mi nìyí. Bí òwú bá dé etí aṣọ, tí mo bá fà á jù, á gé etí aṣọ wọlé, tí n kò bá sì fà á tó, á jìnnà sí i. N kì í wo òwú, n kì í wo aṣọ, ibi tí àwọn méjèèjì ti kọjú sí ọ̀nà kan náà ni mò ń wò. Fara kàn án, má gé e. Ohun tí bàbá mi ń sọ sí mi létí nìyẹn láti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo mí kanlẹ̀, mo tì í díẹ̀ sí i. Bébà wẹ́wẹ́ bo gbogbo ojú fóònù. Dotse jó, èmi náà jó, mo sì sunkún díẹ̀, má sọ fún ìyá rẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni wọ́n dá Sefakor sílẹ̀. Ó mú fóònù pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ó rí mẹ́tàdínlógójì níbẹ̀. Ó wò mí, mo wo ewúrẹ́. Ó bèèrè ta ló ṣe é, mo ní olùkọ́ ló ṣàánú rẹ̀. Ó tẹ ibì kan, ó sì rí ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá tí mo ṣì í. Àtàǹpàkò mi ló dì mú. Ó fi aṣọ bora, ó ṣe ti ọjọ́ náà.

Nígbà tó pé ogójì, a jọ lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Akpaloo. Ó rí i, ó fa ìwé yọ, ó gbé kálàmù. Àbúrò rẹ ní kó dúró, ó ní mọ́kàndínlógójì ni tòun, bàbá òun ló ṣe ọ̀kan. Elorm, ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Gbogbo ohun tí mo fi ọjọ́ kan hun, ọmọ mi tú u lójú ẹsẹ̀, inú mi sì ń dùn sí i bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí.

Ọ̀gbẹ́ni Akpaloo wò mí láti bàtà dé fìlà. Ó kọ ìbéèrè ọjọ́ tí mo ṣe sójú pátákó, ó ya ìlà tó tẹ̀ náà, ó ní kí Sefakor ṣe é. Àbúrò rẹ fi lẹ́tà àti nọ́ńbà kún ìdajì pátákó, ó fi àmì sí ibi tí ìlà gbọọrọ á ti fara kan èyí tó tẹ̀. Ọ̀gá wá pa àmì náà rẹ́, ó ní kí èmi náà fi tèmi hàn. N kò ní nọ́ńbà kankan. Mo yọ òwú lápò, mo fà á le, mo rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó títí ó fi fara kan ìlà tó tẹ̀ náà, mo sì sọ ohun tí mò ń wò fún un. Ibi tí ọmọ mi fi àmì sí gan-an ni. Ọkùnrin náà fọwọ́ kan òwú náà. Ó ní ọdún méjìlélógún lòun ti ń kọ́ni, òun kò sì gbọ́ ọ kó mọ́lẹ̀ báyẹn rí. Ó ní òun ló ṣì í tóun sọ pé kò sẹ́ni tí yóò kọ́ ọmọ yìí, òun kò mọ̀ pé olùkọ́ wà nílé. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kù. Bá wa fi owó dátà ránṣẹ́, ti ẹni méjì, torí Sefakor ti ṣí orúkọ tèmi náà síbẹ̀, ọjọ́ kẹsàn-án mi nìyí. Fi ọgọ́ta sídì kún un kí n fi ra awò ojú. Bí o bá ń fi owó náà sínú fóònù, sọ fún wọn kí wọ́n rọra gbé e, kó má bọ́ lu olùkọ́. Má sì pè mí ní aago mẹ́rin, mo wà ní kíláàsì.

Mawu á dúró tì ọ́. Òwú iṣẹ́ rẹ kò ní já. Ayé á fara kàn ọ́, ọmọ mi, kò ní gé ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kodzovi Amenyo