Ta Ni Yóò Sọ Bí Mo Ṣe Rí Tẹ́lẹ̀?

                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Abúlé La Quiebra,
                                        Antioquia, Kòlóńbíà.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹjọ, 2016.

Luz Dary, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹun dáadáa báyìí? Ooru Madrid ńkọ́? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti pè ọ́ láti ìgbà tí a ti sin Màmá, o ò gbé e. N ò bínú. Irọ́ ni, mo bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tán. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ nígbà tí n ò rí ojú rẹ, tí n ò sì gbọ́ ohùn rẹ, ìwé ni mo mú.

Ilé wà bó ṣe wà. Arẹ́pà àgbàdo méjì ni mo ṣì ń yan láràárọ̀, tèmi àti ti Màmá. Ajá ló ń jẹ ti Màmá, ó sì ti sanra débi pé kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Lóṣù tó kọjá, mo lọ sí Medellín, sọ́dọ̀ àwọn dókítà tó ń wádìí àrùn ìgbàgbé ìdílé wa. Wọ́n tì mí sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń kan páànù mọ́ òrùlé tí èèyàn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń fi ojú àwọn èèyàn hàn mí pẹ̀lú orúkọ wọn, pé kí n há wọn sórí. Mo há wọn sórí bí ọmọ tó ń bẹ̀rù ẹgba. Dókítà ní ẹni tó bá jogún àrùn náà, ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gbàgbé ohunkóhun, ọpọlọ rẹ̀ lè ti máa ṣe làálàá ju ti ẹlòmíì lọ láti rántí ohun kan náà, àwòrán sì lè fi í hàn. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ èsì fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí a ṣe bọwọ́ lùwé nìyẹn. Nígbà tí mo jáde, ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Mo jókòó síta, mo ń bi ara mi bóyá làálàá ọpọlọ ló rẹ̀ mí ni, àbí bọ́ọ̀sì wákàtí mẹ́rin.

Àwòrán nìkan kò tó wọn. Ẹni kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n dáadáa wá, tí wọn yóò bi léèrè bóyá ìwà rẹ̀ ti ń yí padà. Èmi ni mo máa ń sọ ti Màmá. Ta wá ni kí n mú? Àwọn ẹgbẹ́ mi ti kó lọ sí ìlú ńlá. Àwọn àgbà ilé wa tó mọ̀ mí láti kékeré ti gbàgbé mi. Ni mo bá bẹ Bàbá Gildardo tó ń fi ọkọ̀ kó wàrà. Fìlà tó máa ń dé lọ síbi ìsìnkú ló dé wá. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Yaneth bi í pé:

"Bàbá, ṣé Nohemí máa ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ?"

"Nohemí kẹ̀? Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún mi pé, 'Bàbá, ẹ rọra wakọ̀ o!'"

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn?"

"Èmi ò mọ tẹ́lẹ̀ o, ọmọ mi. Ọdún méjì péré ni mo dé abúlé yẹn."

"Ṣé ó máa ń gbàgbé oúnjẹ sórí iná?"

"Háà! Arẹ́pà rẹ̀? Èédú pọ́ńbélé! Ajá nìkan ló lè jẹ ẹ́."

Yaneth sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Luz Dary, ilẹ̀ ìbá lanu kó gbé mi mì! Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń jó arẹ́pà. Ìwọ lo máa ń fi ọ̀bẹ bá mi ha ibi tó dúdú kúrò kí Màmá tó dé. Mo sọ fún Yaneth pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí láti kékeré, ó kàn rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, ó ní ẹnu ẹlòmíì lòun gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ. Bàbá Gildardo bẹ̀ mí títí a fi délé. Kò kúkú ṣẹ̀ mí, ohun tó rí ló sọ.

Mo mọ ohun tí ò ń sá fún. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni Màmá nígbà tó bi ọ́ pé ta ni ọ́, tó ní kí o jáde nílé òun. Èmi ti pé mọ́kàndínlógójì, ìwọ náà ń bọ̀ lẹ́yìn. N ò ní kí o wá wọ ẹ̀rọ kankan. Má béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Mo kàn fún wọn ní nọ́ńbà rẹ ni. Yaneth yóò pè ọ́ ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tiyín. Sọ fún un pé mo máa ń jó arẹ́pà. Sọ pé n kì í rántí ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni, àti pé kò sí orin tí mo mọ̀ dé òpin. Tó bá wá dárúkọ ohun kan tí o ò mọ̀ mọ́ mi rí, sọ ìyẹn náà.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi dì mọ́ àwọn ìbejì. Bàbá Gildardo ní kí n kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́ rí.

Ilé yìí dá, àbúrò mi. Ó dá gan-an. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan lọ́la, kò sí ẹnì kan níbí tí yóò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ṣe rí tẹ́lẹ̀. Jọ̀wọ́, tó bá dún, gbé e.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí o máa ń bá ha arẹ́pà,
Nohemí.