Ẹ Bo Kànga Epo Yẹn fún Ọjọ́ Mẹ́ta

Òkè-Ọ̀pẹ,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, 1974.

Ọládòṣù Àkànní, ọmọ ọmọ mi,

Dinah àbúrò rẹ ti bí ìbejì, takọtabo, igbe wọn ń dún dé odò. Kọ̀yà tó ní òun kò ní gbéyàwó láéláé ti gbé e ní Sátidé tó kọjá. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Ajégúnlẹ̀? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ nínú ìlú ńlá yẹn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí o, kò sí ẹni tó bá mi di kálàmù mú.

Mo ti ka lẹ́tà rẹ pé kí n ta oko ọ̀pẹ wa, kí ìwọ àti Linus ọ̀rẹ́ rẹ lè fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ agbépo. Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí o ti mú mi dé Àpápá, ẹnu mi kò tíì padé. Ọkọ̀ ojú omi tó gùn ju àdúgbò wa lọ! Agolo epo tó tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, tí wọ́n sì ní ó kún dẹ́nu! Èmi tí mo ti ń fún epo pupa láti ogójì ọdún, gbogbo èyí tí mo fún láyé mi kò lè bo ìsàlẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo. O rí i bí mo ṣe kúnlẹ̀ ní Wharf Road tí mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá, tí àwọn dírẹ́bà ń fun fèrè lé mi lórí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ ní kíláàsì àgbà tí a ti ń kọ́ ìwé kíkà, Morádéún tíṣà wa ní epo abẹ́ ilẹ̀ yìí ń tán lọ ní gbogbo ayé, pé àwọn òyìnbó pàápàá ti ń tò lórí ìlà nítorí rẹ̀. Mo dìde, mo ní ìyẹn kò le: kí wọ́n bo kànga epo náà fún ọjọ́ mẹ́ta, bí àwa obìnrin ṣe ń bo kànga wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò sun padà. Sàfíátù tí a jọ wà ní kíláàsì ní ṣé ìró mi ni wọn yóò fi bò ó. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi tíṣà. Ó ní Màmá, kànga tiyín ń sun padà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá fà nínú kànga epo ti lọ nìyẹn. Mo jókòó, mo rò ó. Ọ̀pẹ mi so lọ́dún tó kọjá, yóò tún so lẹ́ẹ̀míì. Ta ni yóò gbin tiwọn?

Ó tún ní omi odò tí wọ́n sé ní Kàǹjì ló ń tan iná yàrá rẹ. Ọládòṣù! Omi tí ń pa iná ló ń bí iná! Odò ti ń sáré látìgbà ìwáṣẹ̀, a ò mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń wá. Jọ̀wọ́, máa gbé abọ́ sábẹ́ gílóòbù rẹ, kó má baà jò sórí ẹní. Ó ní lọ́jọ́ kan, oòrùn tí mo ń sá ata sí náà yóò máa tan iná. Mo jáde lọ wo oòrùn náà, títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nítorí náà, mi ò ní ta oko. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Má bínú, kí Linus náà má pè mí ní ahun. Bí epo bá tán, kí ni ọkọ̀ yín yóò gbé? Gregory tí ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná ní Malu Road ní òun ń gba ọmọ iṣẹ́. Lọ bá a. Ìmọ́lẹ̀ kò ní wọ́n ní ilé rẹ, ọwọ́ rẹ ni yóò sì tan ti àwọn ẹlòmíràn. Èmi ìyá bàbá rẹ ló wí bẹ́ẹ̀. Ọlálérè tó mú lẹ́tà yìí wá yóò fún ọ ní owó ìwọṣẹ́, má fi ra bàtà: náírà méjìdínlógún.