Ọjọ́ Tí Èébì Náà Lọ

Ojúlé 14, ẹ̀yìn Boundary,
Ajégúnlẹ̀, Àpápá.
9 oṣù Keje, 1972.

Ìbíjọkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Baálé rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá yín, ṣé ó ti fúyẹ́? Tiwa níbí, a kàn ń mí ni.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní oyún dé, èébì ò jẹ́ kí o gbádùn, kí n sọ ohun tí mo lò. Inú mi dùn fún ọ, tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi ti pèsì jẹ.

O rántí Ebiere, ará ilé wa tó ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé? Èéfín yẹn! Bó bá ti dáná báyìí, ìfun mi á fẹ́ gba ẹnu jáde. Mo mu ọsàn wẹ́wẹ́, mo jẹ orógbó, mo fi atalẹ̀ sẹ́nu sùn, òfo. Gààrí gbígbẹ nìkan ló ń dúró díẹ̀. Ìyá ọkọ mi wá ní a kì í pariwo oyún tí kò tíì yọ, kí ayé má baà gbọ́. Ni mo bá ń bì sínú póò nínú yàrá, tí mo ń fi ìró bo ẹnu. Ọsibítù kẹ̀? Wọ́n ní bí ẹnì kan bá rí mi níbẹ̀, gbogbo Ajégúnlẹ̀ ló gbọ́ yẹn.

Àfi bí mo ṣe jí lọ́jọ́ kan tí ara tù mí pẹ̀sẹ̀. Ebiere ń yan ẹja, mo jókòó tì í, mo tún bù jẹ. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ ti jókòó dáadáa nìyẹn, wọ́n dín àkàrà, wọ́n fi ṣe sàárà. Èmi náà jẹ nínú àkàrà yẹn, Ìbíjọkẹ́. Mo tún ń ṣe àmín.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀jẹ̀ dé. Sùrájù ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù, Ebiere ló sáré wá ọkọ̀ tó gbé mi lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ ti kú sínú tipẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà tí ara ti tù mí yẹn. Ó ní kí ló dé tí mi ò tètè wá. Nígbà tí a ń padà bọ̀ wálé, Ebiere ní òun ti ń gbọ́ èébì mi lára ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀, òun rò pé mi ò fẹ́ kí òun mọ̀ ni. Ojú tì mí, mo sunkún.

Wọ́n ń tù mí nínú pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Omi yẹn gan-an ni òùngbẹ rẹ̀ ń gbẹ mí.

Nọ́ọ̀sì ní èébì ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń lọ láìsí láburú. Síbẹ̀, bí tìrẹ bá lọ lójijì, má dín àkàrà o, lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò. Jẹ́ kí ẹni tó lè ṣàánú rẹ mọ̀.

Bá mi kí baálé rẹ àti ìyá yín. Ebiere tún ti dáná ẹja rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo jókòó sínú èéfín náà, mo ń retí kí inú mi rìn. Kò rìn. Bí èébì bá gbé ọ láàárọ̀ ọ̀la, bì í, kí o sì dúpẹ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Rekiat.