Fírídọ̀ọ̀mù Tí Titus Ṣe Fún Wa

Ilé Ògúnbáyọ̀,
Ojówò, Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ Ajé.

Titus, àbúrò mi,

Mo kí ẹ o. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, nítorí ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lánàá, ohùn ẹni tó jẹun yó ni. Ara tèmi náà le. Mọ́mì wà, orúnkún ló kàn ń dùn wọ́n. Kí Ọlọ́run má fi àìsàn ṣe wá, kí n lè ráàyè bá ẹ jà dáadáa.

Lẹ́tà ni mo kọ, mo sì fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Èkó, nítorí bí mo bá pè ẹ́, tí mo sì ń sọ ohun tí o ò fẹ́ gbọ́, wàá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ìwé ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Jókòó, kí o kà á tán.

O ní àwọn àlejò rẹ ń bọ̀ láti òkè òkun ní Sátidé tó ń bọ̀, pé wọ́n fẹ́ wá wo ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà tí "Titus Ògúnbáyọ̀ dá sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀." O ní kí n kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, kí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí o fi ránṣẹ́, èyí tí o tẹ ojú ara rẹ sí láyà, kí wọ́n sì dìde pàtẹ́wọ́ bí o bá ti ń wọlé. Titus! Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́?

Nígbà tí Sharon, ọmọ yunifásítì tó ń gbé Àgọ́-Ìwòyè, gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ wá sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbo lo wà? Èmi ni mo lọ tọrọ kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ́wọ́ Bàbá Ayọ̀ọlá, olórí àwọn àgbà ìjọ. Farouk tó mọ fóònù tún ṣe kọ́ Sharon ní iṣẹ́ fóònù. Sharon kọ́ Ọ̀rẹ́dọlá bí èèyàn ṣe ń kọ ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe, kí kọ̀ǹpútà sì ṣe é. Ọ̀rẹ́dọlá náà yíjú padà, ó kọ́ Farouk. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i, títí àwọn ọmọ fi ń gun ọ̀kadà wá láti Mamu. Òfin kan ṣoṣo la ní: ohun tí o bá kọ́ ní Sátidé yìí, wàá fi kọ́ ẹlòmíràn ní Sátidé tó ń bọ̀. Kò sí ọ̀gá, kò sí ọmọṣẹ́. Bẹ́ńṣì kan náà ni gbogbo wa ń jókòó sí.

Ìwọ wá dé ní Kérésìmesì pẹ̀lú bàtà rẹ tó ń dán. O dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ní, "Àǹtí, àwọn ọmọ yìí ti mọṣẹ́. Kí ló dé tí wọn ò tíì ṣe fírídọ̀ọ̀mù?" Mo ní kí o fi wọ́n sílẹ̀ o, pé àwa kì í ṣe télọ̀, a kì í ṣe mẹkáníìkì, a ò ní ọ̀gá tó máa tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀. O ní èmi ò mọ ohun tó ń lọ láyé. O ta kánópì, o gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta, o ní kí wọ́n kúnlẹ̀, o sì ń gbọ́wọ́ lé wọn lórí bíi bíṣọ́ọ̀bù. O fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní máòsì kọ̀ǹpútà tí o so ríbọ́ọ̀nù mọ́. O ní, "Mo tú yín sílẹ̀ lónìí." O ya fọ́tò tẹ́rùn, o wọkọ̀, ó di Èkó.

Ìwọ tí wọ́n bí sí Ojówò, ṣé o ò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni? Ọmọṣẹ́ tó bá ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ṣé ó tún ń padà wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù? Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ Mamu dé, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ wọn. Mo pe Farouk, ó ní òun ti gba ṣọ́ọ̀bù ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, ìyá mi ò gbà. Wọ́n ní bí mo bá padà sórí bẹ́ńṣì yẹn, àwọn èèyàn á ní mi ò mọṣẹ́, pé wọ́n ní kí n lọ tún un kọ́." Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ nílé Sharon àti nílé Ọ̀rẹ́dọlá. Nígbà tí àwọn ọmọ Mamu lọ tán, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo sunkún bí ọmọdé.

Bàbá Ayọ̀ọlá wá ní bí yàrá náà bá ṣì ṣófo títí di Àjíǹde, ìjọ máa gbà á padà, wọ́n fẹ́ kó àga sí i. Mi ò bá wọn jà. Yàrá òfìfo, kí là ń fi í ṣe? Ṣùgbọ́n bí yàrá yẹn bá ti lọ, ẹgbẹ́ wa lọ nìyẹn. Níbo la tún ti fẹ́ rí ilé àti iná tí a ò ní sanwó rẹ̀?

Mo bá mú Sharon àti Ọ̀rẹ́dọlá dání, a lọ bá ìyá Farouk nílé wọn ní Japara. Obìnrin náà ò fún mi láyè kí n kí i tán. Ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà yìí, ṣé ọmọṣẹ́ lẹ fẹ́ kí ọmọ mi ṣe dọjọ́ alẹ́ ni? Wọ́n ti tú u sílẹ̀ lójú gbogbo ayé!" Mo ní, "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ọ̀gá Farouk?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Farouk ní Ọ̀rẹ́dọlá ló kọ́ òun. Ọ̀rẹ́dọlá ní Sharon ló kọ́ òun. Sharon ti ń rẹ́rìn-ín, ó ní Farouk ló kọ́ òun. Ìyá Farouk ní, "Titus ńkọ́?" Farouk ní Titus ò kọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Súbúhánálàhì! Ẹni tí ò kọ́ ọmọ níṣẹ́ ló wá tú ọmọ sílẹ̀? Ta ló dè é tẹ́lẹ̀?" Ó ní fírídọ̀ọ̀mù yẹn ò múlẹ̀ rárá, kí Farouk dìde, kó máa lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé Sharon àti ilé Ọ̀rẹ́dọlá, àwọn náà gbà. Ní Sátidé tó kọjá, yàrá kún. Bàbá Ayọ̀ọlá fúnra wọn gbé fóònù wọn wá, ọmọ Mamu kan sì ń fi bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán ránṣẹ́ hàn wọ́n. Wọn ò dárúkọ àga mọ́.

Nítorí náà, má kó àlejò kankan wá. Wọ́n á bi àwọn ọmọ wọ̀nyí pé ta ló kọ́ yín, àwọn ọmọ náà ò sì ní purọ́ nítorí rẹ. Ìwọ ni wàá wá ibi tí o máa fojú sí.

Ṣùgbọ́n o fẹ́ràn fírídọ̀ọ̀mù, mo mọ̀. Ẹni tó kọ́ni ló lè túni sílẹ̀, èmi ni mo sì kọ́ ẹ ní A, B, D lórí ẹní Mọ́mì. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ mú tí o fi kọ orúkọ ara rẹ. Ó yá, kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Èmi Ìbíyẹmí, mo tú ẹ sílẹ̀ lónìí. Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Wàá rí oníbàárà, o ò ní rí àgbákò. Lọ dá tìrẹ sílẹ̀. O sì mọ àṣà ìlú wa: ẹni tó ti gba fírídọ̀ọ̀mù kì í padà wá jókòó.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí kò ní dìde pàtẹ́wọ́ fún ẹ,
Ìbíyẹmí.

Àfikún: Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ dé. Aṣọ náà nípọn, ó ń nu eruku orí bẹ́ńṣì dáadáa. A ti fọ̀ wọ́n, a tún fọ̀ wọ́n, ojú rẹ ò tíì ṣí kúrò lára wọn.